Ẹ Bi Wá Lóko: Ṣé Kọ̀ǹpútà Mọ Ẹ̀gẹ́ Tí Gààrí Ẹ̀ Máa Wú?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú oṣù tuntun o. Lóṣù tó kọjá mo fi ìlà méjì péré sọ ọ́ níbí pé àwọn tó ń bí ẹ̀gẹ́ tuntun ní IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó wà lójú ọ̀nà Mọ́níyà níbí nílẹ̀ Ìbàdàn, ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣa èyí tí wọ́n máa gbìn àti èyí tí wọ́n máa jù nù. Àtìgbà yẹn ni fóònù mi ò ti sinmi. Àwọn kan bínú, àwọn kan fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti máa kọ́ ọ, ẹnì kan tiẹ̀ fi vóísì nóòtì ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ránṣẹ́, mo sì gbọ́ ọ tán. Mo ti ṣa márùn-ún nínú ìbéèrè yín, ẹ jẹ́ ká mú un níkọ̀ọ̀kan.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń yan gààrí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn àwọn kan gbé igi ẹ̀gẹ́ tuntun wá fún wa, wọ́n ní ó máa ń ta gan-an, lóòótọ́ ó ta, ó tóbi bí itan èèyàn, àmọ́ nígbà tí mo rin ín tán tí mo fún omi ẹ̀, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, gààrí tó kù ò tó nǹkan, èyí tó kù náà ò wú. Wàyí o tún ní kọ̀ǹpútà ló ń ṣa ẹ̀gẹ́. Ṣé kọ̀ǹpútà ti jẹ ẹ̀bà rí ni? — Ìyá Alágààrí, Mọ́níyà

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú iná. Kò jẹ ẹ̀bà rí o, kò sì débi oko rí. Ohun tí èèyàn bá wọ̀n tó sì kọ sínú ẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yín fi dùn mí, torí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbé fún yín yẹn, ó jọ pé bó ṣe wúwo tó nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣà á, wọn ò bi ẹni tó ń yan gààrí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é látìbẹ̀rẹ̀. Àwa igi la fi ń gbin ẹ̀gẹ́, torí náà èyí tẹ́ ẹ gbìn lọ́dún yìí àti èyí tẹ́ ẹ gé igi ẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n, kò sí ìyàtọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ bí ẹ̀gẹ́ tuntun, ìdí òdòdó ló máa lọ. Wọ́n á fi àpò kékeré bo òdòdó tó jẹ́ abo kí kòkòrò má baà bà lé e, wọ́n á já òdòdó akọ lára ẹ̀gẹ́ míì, wọ́n á fi pa á lórí jẹ́jẹ́, wọ́n á wá so orúkọ ìyá àti orúkọ bàbá mọ́ ọn lọ́rùn. Èso tó bá jáde, kóró mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì ní jọra, bí ọmọ ìyá kan náà tí ọ̀kan ga tí ọ̀kan kúrú tí ẹ̀kẹta ò lè fẹnu kan ata. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú kóró bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbìn, èyí tó máa wúlò nínú ẹ̀ kì í pọ̀. Ẹ sì mọ ẹ̀gẹ́, oṣù méjìlá kẹ́ ẹ tó wú u, igi kan ò sì ju nǹkan bíi mẹ́wàá lọ tẹ́ ẹ lè gé lára ẹ̀ kẹ́ ẹ tún gbìn. Torí ẹ̀ ló fi jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, látorí òdòdó títí dìgbà tí ẹ̀gẹ́ tuntun á dé ọwọ́ àgbẹ̀, ó máa ń gbà tó ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ti wọlé nìyẹn. Lọ́dún 2012, IITA àti ilé iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Umudike àtàwọn ará Yunifásítì Cornell lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, àtàwọn míì pẹ̀lú wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní NextGen Cassava. Ibi tí wọ́n ń kó gbogbo ohun tí wọ́n bá rí lára ẹ̀gẹ́ sí ni wọ́n ń pè ní Cassavabase, dátábéèsì ni, ẹ kàn rò ó bí ìwé àkọsílẹ̀ gbàǹgbà kan tí gbogbo oko ń kọ nǹkan sí, ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè ṣí i, ẹni tó wà ní Uganda náà lè ṣí i. Ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà àti báákóòdù tiẹ̀ lóko, bí irú èyí tó wà lára páálí mílíìkì. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lóko á fi tábúlẹ́ẹ̀tì ya báákóòdù yẹn, á wo ewé, á fún un ní máàkì láti 1 dé 5 lórí àrùn tó máa ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò tí ewé á wá ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú, 1 ni pé kò sí nǹkan tó ṣe é, 5 ni pé ó ti bàjẹ́ kọjá sísọ.

Mo ti dúró tì wọ́n rí lọ́jọ́ tí wọ́n ń wú u. Wọ́n kó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fọ̀ sínú àpò nẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé e kọ́ ìwọ̀n, ọmọbìnrin kan ké nọ́ńbà jáde, ìkejì ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wá ri àpò kan náà sínú dúrọ́ọ̀mù omi, ó ṣì wà lórí ìwọ̀n o, wọ́n tún ké nọ́ńbà kejì. Ẹ̀gẹ́ tó bá jẹ́ omi ló kún inú ẹ̀, tó bá ti wọnú omi ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé kò wúwo rárá, àmọ́ èyí tó bá jẹ́ ojúlówó, tí sítáàṣì kún inú ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀ á ṣì fà sísàlẹ̀ nínú omi. Nọ́ńbà méjì yẹn ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò iye tó máa kù tẹ́ ẹ bá fún omi ẹ̀ tán. Màmá, ká ní wọ́n ti ṣe èyí sí ẹ̀gẹ́ tiyín ni, wọn ò bá má gbé e délé yín.

Èyí tó tún wá yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé wọn ò tiẹ̀ dúró dìgbà tó máa ta mọ́ kí wọ́n tó mọ èyí tí wọ́n máa fi ṣe ìyá àti bàbá. Tó bá ṣì kéré, wọ́n á já díẹ̀ lára ewé ẹ̀ lọ yẹ DNA ẹ̀ wò, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbímọ́ tí ọmọ ń gbà lára ìyá àti bàbá, kọ̀ǹpútà á wá fi wé DNA àwọn ẹ̀gẹ́ àtẹ̀yìnwá tí wọ́n ti wọ̀n tí wọ́n sì ti mọ ìwà wọn, á ní èyí jọ àwọn tó ń gbẹ dáadáa nínú, èyí jọ àwọn tí àrùn ń bá jà. Àwọn ìyá wa máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ọmọ ò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n á ti gbé e sókè, wọ́n á ní ẹsẹ̀ bàbá bàbá ẹ̀ ló gbé wá. Ọdún 2001 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Meuwissen, Hayes àti Goddard, gbé ìṣirò ẹ̀ jáde, ara màlúù oníwàrà ló ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀ kó tó dé orí ẹ̀gẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kì í gba gbogbo ẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ àrùn àti bí ẹ̀gẹ́ ṣe gbẹ nínú tó, ó máa ń sún mọ́ òótọ́ dáadáa, àmọ́ bó ṣe máa ta tó, ìyẹn le fún un, torí ilẹ̀ àti òjò wà níbẹ̀.

Wàyí o, wíwú gààrí. Ó ti wà lára nǹkan tí wọ́n ń bèèrè báyìí. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní tricot, wọ́n á fún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gẹ́ mẹ́ta, A, B àti C, wọn ò ní dárúkọ wọn fún un, òun náà á gbìn ín sóko ara ẹ̀, nígbà tó bá yá á sọ èyí tó dáa jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àtèyí tó burú jù, pẹ̀lú bí gààrí ẹ̀ ṣe rí, kò ní ju ìyẹn lọ. Kọ̀ǹpútà á wá kó ọ̀rọ̀ ẹni yìí pọ̀ mọ́ tọ̀hún títí tá a fi máa rí èyí tí gbogbo ẹnu ń yìn. Tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín ní Mọ́níyà, mo bẹ̀ yín mà, ẹ má lé wọn. Àwọn tó mọ gààrí bíi tiyín ló yẹ kó wà nínú dátábéèsì yẹn, torí kò sí ẹ̀rọ tó lè bá wọn fọwọ́ kó o lórí àwo kó sì sọ pé ó kan tàbí kò kan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ fún wa. Ṣé kì í ṣe GMO yẹn náà ni wọ́n tún gbé gba ẹ̀yìnkùlé wọlé? — Àgbẹ̀, Ọmí-Adió

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ̀gẹ́ ló fẹ́ ẹ̀gẹ́ nínú gbogbo èyí tí mo sọ lókè yẹn, òdòdó sí òdòdó, kọ̀ǹpútà kàn ń bá wọn ṣe alárinà ni. GMO ni pé wọ́n lọ mú jíìnì, ìyẹn ègé kan nínú DNA, lára nǹkan míì wá ki bọ̀ ọ́. Irú ẹ̀ wà ní Nàìjíríà, ẹ̀wà SAMPEA 20-T tí wọ́n ṣe ní Zaria, tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2019, jíìnì inú bakitéríà kan ni wọ́n fi sí i kí kòkòrò tó ń gún pódì ẹ̀wà má baà rí i jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ jà lórí ìyẹn ní ẹ̀tọ́ láti jà, àmọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ lèyí.

ÌBÉÈRÈ: Mo ka ohun tí ẹ kọ, mi ò fara mọ́ ọn. Ìgbà tí Dókítà Hahn ṣiṣẹ́ ẹ̀gẹ́ nílẹ̀ yìí, tí wọ́n fi jẹ́ Sèríkí Àgbẹ̀ ní Ìkirè, kọ̀ǹpútà wo ló lò? Ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ẹ̀gẹ́ wọn sì ń bẹ lóko wa dòní. — Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ọ̀jẹ́

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ dárúkọ ọkùnrin yẹn, mo ti ń wá ibi tí mo máa ti sọ ìtàn yìí. Ọmọ Korea ni Hahn, 1971 ló dé sí IITA, ìgbà yẹn àrùn ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa run. Òtítọ́ lẹ sọ, ojú ló fi wò ó. Ṣùgbọ́n òun náà ò bẹ̀rẹ̀ látorí òfo, ohun tí àwọn kan ti kọ sílẹ̀ tí wọ́n sì pa mọ́ ló bá. Láwọn ọdún 1930 ní Amani, ní ilẹ̀ tá a mọ̀ sí Tanzania lónìí, àwọn onímọ̀ kan fi ẹ̀gẹ́ fẹ́ igi rọ́bà kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀gẹ́, ará Bràsíìlì ni igi yẹn, torí pé àrùn yìí ò fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe. Wọ́n ń fi ọmọ ẹ̀ fẹ́ ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i. Kóró ẹ̀ ló dé Moor Plantation, ní Àpáta níbí gan-an, láwọn ọdún 1950, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ṣa ọ̀kan tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 58308. Ọ̀kan yẹn ni Hahn mú, tó fi bí àwọn bíi TMS 30572 tí àwọn àgbẹ̀ káàkiri gbìn tí wọ́n sì fi jẹun. Ká ní ẹnì kan ò kọ 58308 sílẹ̀ ńkọ́? Ká ní wọ́n fi dáná ńkọ́?

Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn sí. Nígbà tí wọ́n kó DNA àwọn ẹ̀gẹ́ òde òní sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n rí i pé ara igi rọ́bà yẹn ṣì wà nínú wọn títí dòní! Ó wà lórí krómósóómù kìíní àti ìkẹrin, ìyẹn àwọn okùn tí DNA pín sí, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀gẹ́ tó dáa tá à ń gbìn ló gbé e. Àwọn tó ń ṣa ẹ̀gẹ́ láti ọjọ́ yìí ti ń ṣà á láìmọ̀, torí ó ń ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ̀dà kan lẹ máa ń rí jù, ìyẹn ni pé látọ̀dọ̀ ìyá nìkan tàbí látọ̀dọ̀ bàbá nìkan, ẹ̀gẹ́ tó gba ti ìyá tó tún gba ti bàbá ò wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí wọ́n ṣà, ó jọ pé ohun tí ò dáa kan lẹ̀ mọ́ èyí tó dáa, tó bá wá di méjì ó di wàhálà. Bàbá, kò sí ojú tó lè rí ìyẹn lóko, kódà ojú Sèríkí Àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ojú Sèríkí Àgbẹ̀ ò ti ṣa ẹ̀gẹ́ wọ̀nyẹn, kò sí nǹkan tí kọ̀ǹpútà máa rí wò.

Mo sì ní ìdí tí ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ fi máa ń ká mi lára. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, mo bá ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ ṣiṣẹ́ oko àgbàdo ọdún kan gbáko, ìwé ni gbogbo nǹkan wà, ìwé náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan tí òrùlé ń jò lé lórí. Ìgbà tá a ṣí i lẹ́yìn òjò, yíǹkì ti ṣàn pọ̀ bí aró, ikán ti jẹ èyí tó kù. Odindi ọdún kan, àárọ̀ kùtù nínú ìrì, gbogbo ẹ̀ ló lọ. Torí náà nígbà tí mo bá rí ọmọ kan tó ya báákóòdù lóko tí nọ́ńbà ẹ̀ sì ti wà ní ibi tí òjò ò lè dé, inú mi máa ń dùn dé ibi tí mi ò lè ṣàlàyé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ń kọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn ní Moor Plantation. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin dátábéèsì àti símúléṣọ̀n, ṣé mo sì lè fi láptọ́ọ̀pù mi kọ́ ọ? Kò lágbára púpọ̀ o, iná náà ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. — Akẹ́kọ̀ọ́, Àpáta

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o bi mí re. Dátábéèsì ni ohun tó ti ṣẹlẹ̀, símúléṣọ̀n ni ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ṣé o ti jókòó ti ọ̀ta ayò rí? Kó tó na ọwọ́ sí ihò kan, ó ti fi ojú ka ọmọ ayò yíká, ó ti mọ̀ pé tóun bá kó tibí, ibi báyìí ló máa parí sí, tóun bá kó tọ̀hún, ẹnì kejì òun á jẹ mẹ́ta. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, àmọ́ ó ti ta ayò náà lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú orí. Símúléṣọ̀n nìyẹn.

Gbé e wá sórí ẹ̀gẹ́. Ká ní o ní 100 ẹ̀gẹ́ tó o lè fi ṣe òbí. Méjì méjì tó o lè mú nínú wọn láti fi fẹ́ra jẹ́ 4,950. Ta ló ní ọwọ́ àti ilẹ̀ tó máa ṣe 4,950? Àmọ́ kọ̀ǹpútà lè bí àwọn ọmọ yẹn nínú ara ẹ̀, ọmọ ayédèrú tí DNA wọn jẹ́ nọ́ńbà lásán, á fi àwọn ọmọ yẹn fẹ́ra wọn, á ṣe ogún ọdún ọ̀gbìn kí ilẹ̀ tó mọ́, á sì sọ fún ẹ pé tó o bá ń yára ṣa òbí lọ́dọọdún, èso á kọ́kọ́ gòkè kíákíá, àmọ́ láìpẹ́ gbogbo ẹ̀gẹ́ ẹ á ti di ọmọ bàbá kan náà, kò ní sí nǹkan tuntun tó o lè ṣà mọ́. Ó dáa kéèyàn ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nínú láptọ́ọ̀pù ju kó ṣe é lóko fún ọdún mẹ́wàá lọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń lò ni AlphaSimR, Roslin Institute ní Scotland ló ti wá, ọ̀fẹ́ ni, inú R, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà kan, ló ti ń ṣiṣẹ́, R náà ọ̀fẹ́ ni.

Oríṣi kejì tún wà o, ìyẹn ò sọ̀rọ̀ ìyá àti bàbá, oko fúnra ẹ̀ ló ń fara wé. APSIM ti àwọn ará Ọsirélíà àti DSSAT wà níbẹ̀. O máa fún un ní òjò ojoojúmọ́, bí ooru ṣe pọ̀ tó, bí oòrùn ṣe ràn tó, irú ilẹ̀ tó o ní àti irú àgbàdo tó o fẹ́ gbìn, á wá hu àgbàdo yẹn lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan títí dé ìkórè. O lè fi òjò ọgbọ̀n ọdún tó ti rọ̀ sẹ́yìn dán an wò, kó o rí i pé tó o bá gbìn ní oṣù kẹta ńkọ́, tó bá di oṣù kẹrin ńkọ́. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ òjò àdúgbò ẹ̀, tó lọ fi tibòmíì dí i, àgbàdo ibòmíì ló ń gbìn.

Láptọ́ọ̀pù ẹ á gbé e. Lo òbí díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, bíi ogún, má ti ẹgbẹ̀rún kó o bẹ̀rẹ̀. Fi dátà òru gbé R àti AlphaSimR sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó bá ti wọlé tán kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Lẹ́yìn náà lọ ṣí Cassavabase, èèyàn gbogbo ló wà fún, wá TME 7. Tó o bá rí i, ẹ̀gẹ́ Ọkọ Ìyàwó tí ìyá àgbà ẹ mọ̀ nìyẹn o! Ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Yorùbá ni, wọ́n ti ka DNA ẹ̀ látòkè délẹ̀, ó sì wà lára àwọn tí àgbáyé ń wò láti fi mọ bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń bá àrùn ewé jà. Inú oko àwọn èèyàn wa ni wọ́n ti bá a, kì í ṣe nínú ilé iṣẹ́ kankan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, gbogbo èyí dáa, níbo la ti fẹ́ rí igi ẹ̀ rà, báwo la ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe gbàǹjo? — Àgbẹ̀ ọ̀dọ́, Akínyẹlé

ÌDÁHÙN: Àwọn tó ń ta igi fún IITA fúnra wọn ni IITA GoSeed, inú ọgbà wọn níbẹ̀ ni wọ́n wà. Àwọn tó ń gbin igi fún títà ní abúlé náà wà, àmọ́ bi wọ́n bóyá àjọ ìjọba tó ń rí sí irúgbìn, ìyẹn NASC, ti yẹ oko wọn wò. Má sọ pé o fẹ́ "àgírìkì", béèrè orúkọ. Àwọn bíi Game Changer, Hope, Obasanjo-2, Baba-70 àti Poundable, wọ́n jáde ní bí ọdún 2020 ń parí lọ, Poundable wà fún ẹni tó fẹ́ sè é kó gún un. Kọ orúkọ tí wọ́n bá dá fún ẹ àti ọjọ́ tó o rà á sílẹ̀. Dé oko tí wọ́n ti fẹ́ gé e kó o wo ewé, tó bá ti ká kò, máa lọ sílé.

Má sì fi gbogbo ilẹ̀ ẹ gbìn ín lọ́dún àkọ́kọ́. Mítà kan sí mítà kan, hẹ́kítà kan máa gba 10,000 ìdí, ìwọ fi ẹsẹ̀ ebè mẹ́ta péré dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó o ti ń gbìn tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà. Nígbà tó bá tó wú, gbé méjèèjì lọ fún ẹni tó ń yan gààrí ládùúgbò ẹ, jẹ́ kó yàn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó o sì dúró níbẹ̀ títí tó máa fi bu omi sí i.